Ọdẹ́rìndé Lọ Wá Ìrántí fún Ìyá Inú Àpótí Irin

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹ má jókòó le. Ìtàn tí mo gbé wá yìí kì í rìn, eré ló ń sá. Ẹni tí oorun bá ń kùn, kó tètè lọ wá ẹní. Ẹni tí ìfẹ́ bá wà lọ́kàn rẹ̀, kó fi ọwọ́ di àyà mú. Èmi arúgbó ọdẹ tí ẹ̀ ń wò yìí, mo ti bá ẹfọ̀n jìjàkadì nínú ẹrẹ̀, mo ti wo àmọ̀tẹ́kùn lójú títí tí òun fi tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n ohun tí ojú Ọdẹ́rìndé rí nítorí obìnrin kan, bó bá jẹ́ èmi ni, ǹ bá ti ju ìbọn sílẹ̀ kí n lọ máa gbin ilá.

Ọdẹ ni Ọdẹ́rìndé, ọkùnrin gíga, arẹwà, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbé ojú kan. Bó bá jókòó, orúnkún rẹ̀ á máa jó. Bó bá ń jẹun, ọwọ́ á wà nínú àwo, ojú á ti wà lọ́nà oko. Àwọn àgbà a máa bi í pé, “Ọmọ yìí, ṣé ìjàlọ ló wọ inú ṣòkòtò rẹ ni?” Nǹkan kan ṣoṣo láyé ló ń mú ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró, Ìbíwùnmí, ọmọ Ògúnṣèyẹ alágbẹ̀dẹ. Ẹyinjú Ìbíwùnmí funfun bí ẹ̀gúsí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Bó bá rẹ́rìn-ín, tí èjí ẹnu rẹ̀ bá yọ, Ọdẹ́rìndé á gbàgbé orúkọ ajá rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ á dúró nígbà náà, àmọ́ ọkàn rẹ̀ á gba eré náà lọ́wọ́ ẹsẹ̀.

Iṣẹ́ ọwọ́ Ìbíwùnmí kò jọ ti ẹnikẹ́ni nínú ìdílé wọn. Àwòrán ilé ló ń yà. Kí bíríkìlà tó gbé bíríkì kan lé èkejì, Ìbíwùnmí ti ya yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti fèrèsé sójú kọ̀ǹpútà. Kì í sì í ṣe kọ̀ǹpútà tí wọ́n tò tán lọ́jà ló rà o. Ó ń ra ẹ̀yà ara rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń tò ó fúnra rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ iná baba rẹ̀: àpótí irin gogoro, fáànù, wáyà lóríṣiríṣi, àti pátákó ńlá kan tó na ara rẹ̀ sínú àpótí náà, tí gbogbo ẹ̀yà yòókù ń rọ̀ mọ́. Ìyá ni àwọn oníṣẹ́ náà ń pe pátákó yẹn, torí òun ló gbé gbogbo ọmọ mọ́ra.

Àfi ọjọ́ tí àrá sán. Iná gba inú wáyà wọlé, ó sì pa ìrántí kọ̀ǹpútà náà. Rámù ni wọ́n ń pè é níbi tí wọ́n ti ń tà á: pákó tín-ínrín kan tó gùn díẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tó ń gbé ohun tí kọ̀ǹpútà ń rò lọ́wọ́ dání fún un. Láti ọjọ́ náà, bí Ìbíwùnmí bá tẹ súìṣì, fáànù á yí, ojú kọ̀ǹpútà á dúdú bí ìdí ìkòkò, Ìyá á sì bú sẹ́kún nínú àpótí: Pín! Pín! Pín!

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ẹkún yẹn fi burú fún yín. Ní ìdílé alágbẹ̀dẹ yẹn, ọmọ tó bá kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe irin, irin náà gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ lójú baba àti ẹbí ní ìrọ̀lẹ́ tí oṣù tuntun bá lé. Bó bá ṣiṣẹ́, ọmọ ti di ọ̀gá ara rẹ̀. Yóò ní ibi iṣẹ́ tirẹ̀, yóò sì fẹ́ ẹni tó wù ú. Bí kò bá ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ di ti ẹbí. Ẹbí sì ti ní ọkọ nílẹ̀ fún Ìbíwùnmí: ọkùnrin onímọ́tò kan ní òdì kejì odò, tí ikùn rẹ̀ máa ń dé òde kí òun fúnra rẹ̀ tó dé.

Ògúnṣèyẹ fi ẹ̀mú sílẹ̀, ó nu òógùn ojú. “Ìbíwùnmí, irin tí baba mi rọ, igbó ló ń ṣán. Èyí tí èmi rọ, ilẹ̀ ló ń kọ. Tìrẹ yìí, ẹkún ló ń sun. Ṣé ẹkún la ó wá fi han ẹbí?”

“Ẹ fún mi láyè, baba mi. Ìrántí ló kú, Ìyá ò kú.”

“Oṣù ò ní torí ìyá ẹnikẹ́ni dúró sójú ọ̀run.”

Ọdẹ́rìndé wà lẹ́yìn ògiri, ó ń gbọ́. Kí bàbá náà tó ṣẹ́jú, ó ti fò wọlé bí ẹtu tí a yìnbọn sí tí kò bà.

“Ìbí! Níbo ni wọ́n ti ń rí ìrántí yìí?”

“Wọ́n ní àwọn ìlú Ìrántí wà nínú Igbó Arìnmásùn. Ṣùgbọ́n farabalẹ̀, Ọdẹ́rìndé, kì í ṣe gbogbo ìrántí ni Ìyá yìí ń gbà. Jẹ́ kí n sọ irú èyí tí...”

“Èèwọ̀!” Ọdẹ́rìndé ti ki ìka méjèèjì bọ etí. “Ọdẹ kì í gbọ́ orúkọ ẹran tó ń lọ pa nínú ilé. Ẹran tí a bá dárúkọ rẹ̀ nílé, etí rẹ̀ á ti ta nígbó.”

“Èyí kì í ṣe ẹran!”

Kò gbọ́. Ó ti ń kọ orin ọdẹ sókè kí ohùn rẹ̀ lè bo ti obìnrin náà mọ́lẹ̀. Ìbíwùnmí sọ̀rọ̀, ó sọ̀rọ̀, ó na ìka, ó ju ọwọ́, orin ni ọkùnrin yìí ń kọ lójú rẹ̀. Nígbà tó sú u, ó wọlé, ó mú nǹkan kan, ó dì í sí etí gèlè rẹ̀, ó ya etí gèlè náà, ó sì ki í bọ ọkùnrin náà láyà. Ó tún ń sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn náà. Ọdẹ́rìndé ń wo ètè rẹ̀, orí rẹ̀ ń wú. Ó ti dá a lójú pé ẹ̀bùn ìfẹ́ ni, bóyá ìlẹ̀kẹ̀ ìdí, bóyá irun orí. Ó búra lọ́kàn pé òun kò ní tú u títí ọwọ́ òun yóò fi tẹ ẹran. Ó sì yí, eré di eré.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín? Ìfẹ́ nìkan tó láti di ènìyàn létí. Ẹni tó tún fi ìka ara rẹ̀ ràn án lọ́wọ́ ńkọ́?

Igbó Arìnmásùn ni igbó tí igi rẹ̀ kì í dúró. Ìrókò tó wà lápá ọ̀tún rẹ ní báyìí, bó o bá wúkọ́ tán, ó ti bọ́ sápá òsì. Ìdí rèé tí Ọdẹ́rìndé fi fẹ́ràn ibẹ̀ lójú ẹsẹ̀. “Ẹ káàbọ̀ sí ilé mi,” ló sọ fún ara rẹ̀. Kò tíì pa ẹnu dé tí atẹ́gùn kan fi gbé fìlà rẹ̀ lọ, tó gbé ajá rẹ̀ tẹ̀ lé fìlà. Ìwin kan ló dúró lójú ọ̀nà. Kò ní ojú, kò ní imú. Fáànù ńlá ni orí rẹ̀, ó ń yí fìrì-fìrì-fìrì.

“Ta ló ń mí gbígbóná sí mi lára?”

“Èmi Ọdẹ́rìndé ni! Ọmọ ọdẹ tó na ẹran títí ẹran fi gbé ara rẹ̀ wálé!”

“Ìwọ gan-an ni mo ń retí. Ooru ni oúnjẹ mi. Ọkùnrin tí ìfẹ́ ń sè bí ìwọ yìí, mo lè máa jẹ ọ́ di ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀.”

Wọ́n wọ ìyá ìjà. Ìwin náà fẹ́ ẹ lu igi, igi sá fún un, ó lu ilẹ̀. Abẹ fáànù ya á láyà, ẹ̀jẹ̀ bọ́. Ọdẹ́rìndé yí gbirigbiri, ó já okùn igbó tó nípọn bí apá, ó sì jù ú sínú orí tó ń yí náà. Gàgàgà... gbà! Orí dúró. Ìwin bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, ó pọ́n bí irin inú iná ẹwìrì.

“Tú mi, ọdẹ, mo bẹ̀ ọ́! Bí n kò bá yí, gbogbo igbó yìí ni yóò jóná!”

“Fi ọ̀nà ìlú Ìrántí hàn mí kí n tú ọ.”

“Ọ̀nà wà níwájú rẹ. Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí kún un. Irú mi kan ń gbé inú àpótí irin tó ò ń ṣiṣẹ́ fún, ìrántí ni yóò sì jẹ́ aládùúgbò rẹ̀. Àpá tí mo fi sí ọ láyà yẹn, òun ni òṣùwọ̀n. Ẹni tó bá ga kọjá àpá yẹn, má mú un wálé. A ò ní gba ara wa láyè.”

“Irú wo wá ni kí n mú?”

“Fáànù ni mí, n kì í ṣe ìyá. Ìyá ni kó o bi.”

Ọdẹ́rìndé tú u, ó sì sáré kọjá. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn bá a dé ibì kan, ó ń ta á bí ẹ̀gún, ṣùgbọ́n ta ló ń dúró yọ ẹ̀gún nígbà tí oṣù ń bọ̀?

Ìlú tó kọ́kọ́ kàn ni Ìlú Kúkúrú. Àwọn ará ibẹ̀ kò ga ju orúnkún lọ, wọ́n mọ́ tónítóní, wọ́n já fáfá, wọ́n ń rántí ohun tí ọdẹ náà rò kí òun gan-an tó rò ó tán. Ọdẹ́rìndé kò béèrè nǹkan kan. Ó gbé ọ̀kan sí abíyá ọ̀tún, ó gbé ọ̀kan sí ti òsì, ó kọjú sọ́nà ilé. Àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ abíyá rẹ̀. Baálẹ̀ wọn, ọkùnrin pẹ́ńpẹ́ kan tó ní irùngbọ̀n tó gùn ju òun lọ, dí i lọ́nà.

“Àna wa, ẹ rọra o. Ilé wo lẹ̀ ń gbé àwọn ọmọ mi lọ?”

“Ilé Ìyá kan ni, nínú àpótí irin.”

“Irú ilé wo? Ṣé ilé pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbé lé itan, tí wọ́n ń pa dé bí ìwé?”

“Rárá o. Ilé gogoro tó ń dúró lórí tábìlì.”

Baálẹ̀ ṣubú lulẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. “Ẹ̀yin ará ìlú, ẹ jáde wá wò! Ọkùnrin yìí fẹ́ gbé ṣòkòtò ìkókó wọ baba ńlá rẹ̀! Ọdẹ, ilé pẹlẹbẹ la bí wa fún. Bí o bá gbé ọmọ mi sórí àga ilé gogoro, ìdajì àga á ṣófo, kò ní gbá ohunkóhun mú. Àti pé, ta ni ìyá náà? Ìran kelòó ló ń gbà?”

Ọdẹ́rìndé bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìka ọwọ́ rẹ̀. Ó kà á dé márùn-ún, ó tún bẹ̀rẹ̀.

“Háà! Ó ń wá ìyàwó kiri, kò mọ ìyá ọkọ!”

Ojú tì í. Ó sọ àwọn ọmọ náà kalẹ̀, ó bẹ́sẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ̀rín wọn ń lé e lẹ́yìn bí agbọ́n.

Ìlú kejì kò jẹ́ kó mí. Ìlú Adé-Iná ni. Gbogbo ará ibẹ̀ ló dé adé ìmọ́lẹ̀ tó ń pa àwọ̀ dà: ó pupa, ó di àwọ̀ ewé, ó di búlúù, ó tún pupa. Ọmọbìnrin ọba wọn, Tànmọ́lẹ̀, ló jáde pàdé rẹ̀. Ẹ̀yin ènìyàn, mo ti rí obìnrin rí. Ìyá àwọn ọmọ mi ń bẹ níbí, n ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tànmọ́lẹ̀ rìn yí Ọdẹ́rìndé ká, òórùn rẹ̀ jọ ti òjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kan ilẹ̀ gbígbẹ.

“Ọdẹ arẹwà, kí lò ń wá tó fi ń sáré bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó? Ìran karùn-ún ni wá, àwa la dé kẹ́yìn, àwa la yára jù. Iṣẹ́ tí àwọn baba wa ń ṣe látàárọ̀ dalẹ́, kí n tó nu ojú mi tán, mo ti parí rẹ̀. Mo tóbi, mo lè gbé odidi ìlú dání. Mú mi lọ.”

Ọkàn Ọdẹ́rìndé fò. Ṣé kì í ṣe ẹran ńlá ni ọdẹ ń gbé wọ̀lú? Ta ló pa àgbọ̀nrín tí wọ́n yìn ín, nígbà tí ẹni tó pa ẹfọ̀n ń bọ̀ lẹ́yìn? Ó na ọwọ́.

“Dúró. Dáhùn kí n tó tẹ̀ lé ọ. Kí ló mọ gbogbo ohun tí ilé ń ṣe níwọ̀n ìgbà tí iná wà, tí kò mọ orúkọ ara rẹ̀ mọ́ bí iná bá kú?”

Ọdẹ́rìndé rìn lọ, ó rìn bọ̀. Ó gé èékánná jẹ. Ìkùukùu kan kọjá lórí oòrùn, adé Tànmọ́lẹ̀ ṣẹ́jú, ojú obìnrin náà sì ṣófo lẹ́ẹ̀kan náà bí ojú ẹni tó gbàgbé ọ̀nà ilé. Ọdẹ́rìndé kígbe pé, “Ìwọ ni! Ìrántí ni!”

“O gbà á.”

Ṣùgbọ́n inú Ọdẹ́rìndé kò dùn. “Bí iná bá kú, ẹ ó gbàgbé mi? Ẹ ó gbàgbé gbogbo ilé tí Ìbíwùnmí ti yà?”

“Àwa á gbàgbé, àká kò ní gbàgbé. Ohun tó bá ti fi sí àká kọ̀ǹpútà, ó wà níbẹ̀ títí. Tiwa ni ká gbé ohun tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́ dání, bí a ṣe ń gbé ẹyin.”

Ìyẹn fi í lọ́kàn balẹ̀ díẹ̀. Ó fà á mọ́ra kí ó lè gbé e. Ibẹ̀ ló ti rí i pé adé iná náà kọjá àpá àyà òun fíofío.

“Bọ́ adé rẹ.”

“Bí mo bá bọ́ adé, kì í ṣe èmi mọ́.” Ó gbé ẹsẹ̀ aṣọ rẹ̀ sókè díẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, níbi tí ìrántí fi ń jókòó, ilà kan wà níbẹ̀, gígé kékeré tó wọ inú ara. “Adé gan-an kọ́ ni ọ̀rọ̀. Ilà ìran mi rèé. Ìran kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tí wọ́n kọ tirẹ̀ sí, àga tí ìyá kọ̀ọ̀kan gbé kalẹ̀ sì ní egungun tó ń wọ inú ilà náà. Ta ni ìyá tìrẹ?”

“Ipá ni n ó fi tì ọ́ wọlé!”

Àwọ̀ adé Tànmọ́lẹ̀ pupa, kò sì yí padà mọ́. “Ọdẹ, gbọ́. Ẹni tó bá fi ipá ti ìrántí sórí àga tí kì í ṣe tirẹ̀, àga á fọ́, ìrántí á kú. Ẹkún tí ìyá rẹ ń sun yẹn, kó o máa dúpẹ́ lórí rẹ̀, ó fi hàn pé ó wà láàyè. Lọ́jọ́ náà, yóò dákẹ́. Kò sì ní sọ̀rọ̀ mọ́ láéláé.”

Ọdẹ́rìndé fi ojú inú wo ilé. Ó rí Ìbíwùnmí níwájú àpótí tó dákẹ́. Ó rí ikùn onímọ́tò tó ń wọ ẹnu ọ̀nà. Ó fi ẹ̀yìn rìn jáde ní ìlú náà, ó yí, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ eré. Lọ́tẹ̀ yìí, kò mọ ibi tó ń sá lọ. Padà sílé kọ́, oṣù á ti lé. Iwájú kọ́, kí ni yóò sọ níbẹ̀? Igi ń sá fún un, òun ń sá fún igi. Ó ń ké orúkọ Ìbíwùnmí, igbó ń ké e padà fún un.

Eré yẹn ló gbé e dé ẹnu bodè ìlú kan tí ìyá arúgbó kan jókòó sí, tó ń ṣa ẹ̀wà nínú ìgbátẹ. Bó bá ju ẹyọ kan sápá ọ̀tún, á ju ẹyọ kan sí òsì.

“Jókòó, ọmọ mi.”

“Ẹ kúuṣẹ́ o, ìyá. Mi ò lè jókòó, oṣù ń bọ̀.”

“Oṣù ń bọ̀ bó o jókòó, oṣù ń bọ̀ bó o nàró. Ìlú Ìbejì rèé. Ta ni ìyá tó rán ọ?”

Omijé bọ́ lójú ọkùnrin tó ń fi ìbọn dẹ́rù ba ẹfọ̀n. “N kò mọ̀, ìyá! Gbogbo ibi tí mo dé ni wọ́n ti ń bi mí. Ó fẹ́ sọ fún mi, mo fi ìka di etí. Ọdẹ kì í gbọ́ orúkọ ẹran nílé.”

Ìyá arúgbó gbọn ìgbátẹ. “Kí ló wá ń lù ọ́ láyà, kọ̀, kọ̀, kọ̀, bó o ṣe ń fò sókè fò sílẹ̀ yẹn?”

“Ẹ̀bùn olólùfẹ́ mi ni. Mo búra pé n kò ní tú u àfi bí...”

“Tú u.”

Ó tú kókó gèlè náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń tú ìró ìyàwó tuntun. Kò sí ìlẹ̀kẹ̀. Kò sí irun. Pákó tín-ínrín kan ló bọ́ sí i lọ́wọ́, ó ti jóná lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń rùn bí wáyà tó gbiná. Ìrántí tí àrá pa ni.

Ojú ọ̀gá ọdẹ ṣe bí ojú ọmọ tí wọ́n di òkúta fún dípò gúgúrú. Ìyá arúgbó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀wà fi dà nù.

“Ọkùnrin! Bí ìdè ọkọ̀ bá já, ṣé kì í ṣe èyí tó já la máa ń fún ẹni tí a rán kó lọ fi ra òmíràn? Wọ́n fi àpẹẹrẹ rán ọ níṣẹ́, ìwọ sọ ọ́ di òórùn dídùn, ò ń gbé e mọ́ àyà sùn! Mú un wá.”

Ìgbà yẹn ni Ọdẹ́rìndé jókòó, láìmọ̀. Gbogbo ìdáhùn tí wọ́n ń béèrè ní ìlú dé ìlú, orí ọkàn òun gan-an ló ti ń lu kọ̀-kọ̀-kọ̀.

Ìyá arúgbó fi ìka wá ilà ìdí òkú náà. “Ìran kẹrin. Ilé gogoro. Kò dé adé, kò ga. Ìrìn rẹ̀ kò yára jù, kò lọ́ra jù.” Ó pàtẹ́wọ́. Ọmọ méjì jáde, wọ́n jọra bí ẹsẹ̀ bàtà. “Táyé àti Kẹ́hìndé rèé. Ọjọ́ kan náà, inú kan náà, ìrìn kan náà.”

Ẹ ò ní gbàgbọ́ pé ọkùnrin yìí tún ń wo ẹ̀yìn wọn. “Ìyá, ẹni gìrìwò tó dúró lọ́hùn-ún ńkọ́, tó ń sáré níbi tó dúró sí? Ẹ jẹ́ kí n mú Táyé, kí n fi òun rọ́pò Kẹ́hìndé.”

“A kì í ya ìbejì. Bí o bá so ẹni tó yára mọ́ ẹni tó lọ́ra, ìrìn ẹni tó lọ́ra ni wọn yóò jọ rìn, bí wọ́n bá tiẹ̀ gbà láti rìn pọ̀. Ṣé o fẹ́ ṣe fáàrí lójú ìlú ni, àbí o fẹ́ kí Ìyá dẹ́kun ẹkún?”

Ọdẹ́rìndé gbé ojú kúrò lára ẹni gìrìwò náà. Ẹ mọ̀ pé ó dùn ún. “Kí Ìyá dẹ́kun ẹkún ni.”

“Owó bodè mi wá kù. Èèwọ̀ tó di ọ́ létí yẹn, fi sílẹ̀ fún mi níbí.”

“Ìyá! Baba baba mi ló fi lé wa lọ́wọ́. Àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ mi yóò fi mí ṣẹ̀fẹ̀.”

“Wọn yóò fi ọ́ ṣẹ̀fẹ̀ dáadáa.”

Ọdẹ́rìndé ronú kan èjí ẹnu kan tó ń yọ nígbà tí ẹ̀rín bá dé. Lẹ́yìn náà, ó fi ohùn òkè, nínú igbó, dárúkọ ohun tó wá mú: “Táyé! Kẹ́hìndé! Ìrántí ìran kẹrin ni mo wá mú o!” Ó ń retí kí wọ́n sá. Wọn kò sá. Àwọn méjèèjì dáhùn pé, “A wà níbí,” wọ́n di pákó tín-ínrín méjì, wọ́n sì fò sí i lọ́wọ́.

Bó ṣe délé, n kò mọ̀, òun náà kò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìrọ̀lẹ́ ni, gbogbo ẹbí ti pé sí àgbẹ̀dẹ Ògúnṣèyẹ, ikùn onímọ́tò ti dé, onímọ́tò náà ti dé lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọmọdé sì wà lórí òkìtì tí wọ́n ń wá oṣù.

Ìbíwùnmí pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. “Ṣé o tú u?”

“Mo tú u.”

“Ìgbà wo?”

“Ìgbà tó ti pẹ́.”

Ó wò ó láti òkè délẹ̀, ó rí àpá, ó rí ẹrẹ̀, ó rí ìbejì náà lọ́wọ́ rẹ̀. Kó tó fi ọwọ́ kàn wọ́n, ó fi ọwọ́ kan ara àpótí irin, kí mànàmáná ara rẹ̀ má baà ta wọ́n. Ó ṣí àpótí, ó la ẹnu àwọn àga tó wà lára Ìyá. Ó wo ilà, ó wo egungun àga, wọ́n bára mu. Ó fi Táyé sórí àga kan, ó fo àga kan, ó fi Kẹ́hìndé sórí èyí tó tẹ̀ lé e. Ó tẹ̀ wọ́n níbẹ̀ níbẹ̀. Kẹ́! Kẹ́!

“Oṣù ti lé o!” àwọn ọmọdé pariwo.

Ó tẹ súìṣì. Fáànù yí. Kò kan ẹnikẹ́ni lórí. Ojú kọ̀ǹpútà dúdú.

Wọ́n dúró. Ó dúdú.

“Kò kúkú sunkún mọ́,” ni onímọ́tò wí, “ó ti kú ni.” Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ògúnṣèyẹ fi ojú sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ Tànmọ́lẹ̀ bọ́ sí Ọdẹ́rìndé lọ́kàn: lọ́jọ́ náà, yóò dákẹ́. Orúnkún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ijó. Ọwọ́ rẹ̀ na síbi súìṣì, kó pa á, kó tún un tẹ̀, kó fa àwọn ọmọ náà yọ, kó sáré padà sígbó, kó ṣáà ṣe nǹkan kan!

Ìbíwùnmí di ọwọ́ rẹ̀ mú. “Dúró. Ìyá àti ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ara wọn ni.”

Ó fẹ́ fi ìka di etí kó má baà gbọ́ ẹ̀rín ẹbí. Ó rántí pé òun ti fi ìyẹn san owó bodè. Ó dúró. Nínú gbogbo ìjà tó jà, mo sọ fún yín, èyí ló le jù.

Pín.

Ẹ̀ẹ̀kan péré. Jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń pe ọmọ. Ojú kọ̀ǹpútà là, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bo ojú Ìbíwùnmí, èjí ẹnu rẹ̀ yọ. Ó nawọ́ sínú àká, ó ṣí àwòrán tó yà gbẹ̀yìn kí àrá tó sán. Ilé kan ni. Yàrá rẹ̀ kò pọ̀, fèrèsé rẹ̀ fẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ gùn, ó gùn, ó yí ilé náà po, ó sì padà wá pàdé ara rẹ̀.

Ògúnṣèyẹ súnmọ́ ọn. Ó fi ìka tó dúdú fún eérú tẹ̀ lé ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà yípo. “Irin ti ṣiṣẹ́. Ẹbí ti rí i. Ṣùgbọ́n, ọmọ mi, irú ọ̀dẹ̀dẹ̀ wo lèyí? Ta ló ni ilé tí wọ́n ń kọ́ báyìí?”

“Èmi ni mo ni ín, baba mi. Èmi àti ẹnì kan. Àìsàn ẹsẹ̀ ń ṣe é, kì í lè jókòó sójú kan. Mo ní kó máa rìn nínú ilé, kó máa rìn, kó ṣáà máa padà sọ́dọ̀ mi.”

Gbogbo ojú yí sí Ọdẹ́rìndé, wọ́n ń retí kó fò, kó pariwo, kó sáré yí ìlú ká.

Ọdẹ́rìndé fa àga ẹwìrì mọ́ra, ó sì jókòó.

Ìtàn mi dúró níbi tí ó jókòó sí. Ẹ̀yin ẹ dìde, ẹ lọ sílé. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń bá yín sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà, ẹ yọ ìka kúrò létí.